Àwọn Wo Ni Ó Ń Ṣe Ìdájọ́ Ẹ̀bùn Ọnà Ilé Kíkọ́? Iṣẹ́ Wọn àti Ẹ̀kọ́ Tí Ó Wà Níbẹ̀ fún Àwọn Ìlú Wa

Bí ìlú kan bá fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn, ọjà tàbí ilé ẹ̀kọ́, tí àwòrán mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì wà nílẹ̀, ìbéèrè tí ó ṣáájú kì í ṣe èwo ni ó lẹ́wà jù. Ohun tí a kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bèèrè ni àwọn tí yóò yàn án. A kọ àlàyé yìí fún gbogbo ará Ìpínlẹ̀ Èkìtì, pàápàá àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ní Ìjurin, Ìjerò, Àrámọ̀kọ, Ẹ̀fọ̀n àti agbègbè wọn, kí wọ́n lè mọ irú iṣẹ́ tí àwọn onídàájọ́ ẹ̀bùn ọnà ilé kíkọ́ ń ṣe káàkiri àgbáyé, kí wọ́n sì rí ohun tí a lè mú lò nínú rẹ̀.

Ìdájọ́ ọnà nílẹ̀ wa

Ìdájọ́ iṣẹ́ ọnà kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní Ẹ̀fọ̀n, Agbọ́nbíọfẹ́ ti ìdílé Adéṣínà, tí ó kú ní ọdún 1945, ni ó gbẹ́ àwọn òpó ààfin Aláayè. Ní Ìkẹ́rẹ́, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1924. Àwọn aláṣẹ British Museum fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi àga ọba tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀.

Robert Farris Thompson, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, rin ilẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1960, ó sì ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ìdí tí ère kan fi dára ju òmíràn lọ. Ní ọdún 1973 ni ìwádìí náà jáde. Kì í ṣe agbẹ́gilére nìkan ni ó dá a lóhùn. Àwọn olóyè àti ará ìlú mìíràn náà sọ èrò wọn. Wọ́n mẹ́nu ba jíjọra, ìfarahàn, dídán, gígùn àti ọ̀dọ́ gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n ẹwà. Èyí fi hàn pé ẹni tí kò mú ọ̀bẹ ọnà rí lè jẹ́ amẹwà, bí ojú rẹ̀ bá mọ iṣẹ́ náà.

Ẹ̀bùn Aga Khan

Ní ọdún 1977 ni a dá Ẹ̀bùn Aga Khan fún Ọnà Ilé Kíkọ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń fi í fúnni, iye rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù kan dọ́là. Ìgbìmọ̀ onídàájọ́ tí ó dá dúró ni ó ń yàn. Àwọn mẹ́sàn-án ni wọ́n wà nínú ìgbìmọ̀ ti ọdún 2022. Lóòótọ́, ayàwòrán ilé pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n Sibel Bozdogan jẹ́ onímọ̀ ìtàn ilé kíkọ́, Kader Attia jẹ́ oníṣẹ́ ọnà, ìtọ́jú àwọn ilé àtijọ́ ni Nada Al Hassan mọ̀ dunjú, Kazi Khaleed Ashraf sì ń darí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan lórí ilé àti ìlú ní Dhaka.

Francis Kéré wà láàárín wọn. Ọmọ abúlé Gando ní Burkina Faso ni. Iṣẹ́ káfíńtà ni ó bá dé Jámánì ní ọdún 1985 kí ó tó kẹ́kọ̀ọ́ ilé yíyà. Ilé ẹ̀kọ́ tí òun àti àwọn ará abúlé rẹ̀ fi amọ̀ kọ́, tí ó parí ní ọdún 2001, gba Ẹ̀bùn Aga Khan ní ọdún 2004. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń gé pákó àti bí a ti ń po amọ̀ ni ó wá jókòó gẹ́gẹ́ bí onídàájọ́.

Kí ìgbìmọ̀ náà tó parí ìpinnu rẹ̀, wọ́n máa ń rán àwọn onímọ̀ lọ sí ibi tí ilé kọ̀ọ̀kan wà, kí wọ́n fojú rí i, kí wọ́n sì bá àwọn tí ń lò ó sọ̀rọ̀. Wọn kì í fi àwòrán nìkan dájọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ní ọdún 1986, mọ́sáláṣí amọ̀ ti abúlé Yaama ní ilẹ̀ Niger gba ẹ̀bùn náà. Falké Barmou, ọ̀gá bíríkìlà, ni ó kọ́ ọ.

Àwọn ìgbìmọ̀ mìíràn

Nígbà tí Kéré gba Ẹ̀bùn Pritzker ní ọdún 2022, tí ó jẹ́ ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò gbà á, Stephen Breyer, adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà, wà nínú àwọn tí ó yàn án, pẹ̀lú André Corrêa do Lago, aṣojú ìjọba ilẹ̀ Brazil, tí ó tún jẹ́ alárìíwísí ilé kíkọ́. Ní àfihàn Venice ní ọdún 2023, Thelma Golden, alákòóso ilé ọnà kan ní New York, àti Tau Tavengwa, olóòtú ìwé ìròyìn, jókòó pẹ̀lú àwọn ayàwòrán ilé.

Ní àfihàn kan náà, Demas Nwoko gba Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀. Ìgbìmọ̀ yẹn kọ́ ni ó yàn án. Lesley Lokko, tí ó darí àfihàn náà, ni ó dábàá rẹ̀. Kíkun àwòrán ni Nwoko kọ́ ní Zaria, síbẹ̀ òun ni ó yàwòrán ilé àwọn Dominican ní Ìbàdàn.

Ohun tí ìlú wa lè mú lò

Bí gbogbo onídàájọ́ bá jẹ́ ayàwòrán, wọ́n lè yin òrùlé tí òjò yóò wọlé láti abẹ́ rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ olówó ìlú, wọ́n lè yan èyí tí yóò ga jù, tí owó àtúnṣe rẹ̀ yóò sì di ẹrù lórí àwọn ọmọ. Nítorí náà, a gba àwọn ìlú nímọ̀ràn pé:

1. Kí ayàwòrán ilé tí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ARCON àti ẹnjiníà tí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN wà nínú ìgbìmọ̀.
2. Kí bíríkìlà tàbí káfíńtà àgbà kan wà níbẹ̀, nítorí ó mọ ohun èlò tí ó wà nítòsí àti iye tí ń ná ni.
3. Kí àwọn tí yóò lo ilé náà ní ohùn: ìyálọ́jà bí ó bá jẹ́ ọjà, olùkọ́ bí ó bá jẹ́ ilé ẹ̀kọ́, àti ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn.
4. Kí ẹni tí ó yàwòrán, tàbí ìbátan rẹ̀, má ṣe jókòó láti dá a. Ẹ̀bùn Aga Khan pàápàá kì í gba ilé tí Aga Khan tàbí àwọn àjọ rẹ̀ bá gbéṣẹ́ rẹ̀ fúnni.
5. Kí ìgbìmọ̀ dé orí ilẹ̀ náà kí wọ́n tó yàn, kí wọ́n sì kọ ìdí ìpinnu wọn sílẹ̀ fún ará ìlú láti kà.

Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Owó tí a dá jọ fún gbọ̀ngàn ìlú, òógùn àwọn ènìyàn ni. Ó tọ́ kí ọ̀pọ̀ ojú, láti inú iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wo àwòrán náà kí a tó fa okùn ìpìlẹ̀.