Títẹ fóònù àtọrùn àtọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́

Ọrùn ríro, èjìká wíwúwo, àtàǹpàkò dídùn àti ìka tó ń kú ni àìlera tí wọ́n sábà máa ń so mọ́ títẹ fóònù láìsinmi. Ó máa ń hàn lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́, torí orí fóònù kan náà ni wọ́n ti ń kàwé, tí wọ́n ti ń tàkúrọ̀sọ, tí wọ́n sì ti ń ṣeré. Bí a bá wo ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ dáadáa, ó jọ pé pípẹ́ lójú kan ló ń dá wàhálà sílẹ̀ ju dídorí kodò fúnra rẹ̀ lọ.

Ọrùn

Orí àgbàlagbà wúwo tó nǹkan bíi kílò márùn-ún. Bó bá dúró ṣánṣán, egungun ọrùn méjèèje ló jùmọ̀ ń gbé e. Bó bá ti tẹ̀ síwájú, iṣan ẹ̀yìn ọrùn ni yóò máa fà á mọ́ra kó má baà dojú bolẹ̀. Lọ́dún 2014, Kenneth Hansraj, oníṣẹ́ abẹ egungun ẹ̀yìn ní New York, ṣírò rẹ̀ pé bí orí bá tẹ̀ tó dígírì 60, ẹrù tó ń dé bá ọrùn á tó kílò 27, tó ju ìdajì àpò ìrẹsì ńlá lọ. Iye yìí ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, àmọ́ ìṣirò lásán ni, kò wọn ìrora ẹnikẹ́ni. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún ọ̀dọ́ 150 ní Rio de Janeiro, tó jáde lọ́dún 2018, kò rí i pé ọrùn ń dun àwọn tó ń dorí kodò ju àwọn yòókù lọ. Èyí tí wọ́n fi ọdún márùn-ún ṣe ní Swídìn, tó jáde lọ́dún 2017, rí ìbátan láàárín títẹ àtẹ̀jíṣẹ́ lemọ́lemọ́ àti ọrùn dídùn, ṣùgbọ́n ìbátan náà kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Nítorí náà, a kò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà pé dídorí kodò ló ń fa ìrora.

Ẹnìkan lè ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ náà dorí kodò sórí ìwé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orí tábìlì ni ìwé ń wà, ṣíṣí ojú ewé ń mú kí ara yí díẹ̀, ìwé sì ń parí. Ọwọ́ ni fóònù ń wà, ó ń bá ènìyàn dórí ibùsùn, ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í sì í tán.

Ọwọ́

Fóònù kọ́ ló bí àrùn àtàǹpàkò. Lọ́dún 1895 ni Fritz de Quervain, oníṣẹ́ abẹ ará Swítsàlandì, ti ṣàlàyé ìrora iṣan méjì tó ń fa àtàǹpàkò, níbi tí wọ́n ti gba ọ̀nà tóóró kọjá lọ́rùn ọwọ́. Ohun tí fóònù ṣe ni pé ó di iṣẹ́ ìka mẹ́wàá ru àtàǹpàkò. Bí a bá ká àtàǹpàkò sínú àtẹ́lẹwọ́, tí a di ẹ̀ṣẹ́ bò ó, tí a sì tẹ ọrùn ọwọ́ síhà ọmọńdinrín, bó bá ta wá gan-an ní ìdí àtàǹpàkò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àrùn yìí. Kíká ìgúnpá fún ìgbà pípẹ́ náà lè mú kí ọmọńdinrín máa kú.

Ìdènà

Bó bá jẹ́ pípẹ́ lójú kan ni wàhálà, gbígbé fóònù sókè síwájú ojú nìkan kò tó. Ká máa gbé e sílẹ̀ lóòrèkóòrè, ká sì na ara. Ìka tó bá ń kú lemọ́lemọ́, ọ̀dọ̀ dókítà ló yẹ ká gbé e lọ. Gbígba fóònù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ kọ́ ni ọ̀nà àbáyọ: orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.