Agar

Agar ni èròjà tí ń mú omi dì tí a ń rí nínú àwọn ewéko pupa inú òkun, pàápàá Gelidium àti Gracilaria. Kò ní àwọ̀, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní adùn kankan. Gíráàmù kan péré nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù omi tó láti sọ omi náà di ohun tí a lè fi ọ̀bẹ gé bí ẹ̀kọ tútù. Bí a bá sè é, á yọ́. Bó bá tutù dé nǹkan bí 35°C, á dì. Ṣùgbọ́n bó bá ti dì tán, kò ní yọ́ mọ́ àfi bí ooru bá sún mọ́ 85°C.

Nínú oúnjẹ

Ní Jàpáànì, wọ́n máa ń ti agar dídì gba inú àpótí igi tí ẹnu rẹ̀ ní wáyà bí àwọ̀n. Á jáde ní tínínrín-tínínrín, wọ́n á sì fi fínígà àti ọbẹ̀ sóyà jẹ ẹ́. Tokoroten ni wọ́n ń pè é. Yōkan ni ti ẹ̀wà pupa lílọ̀ tí wọ́n fi ṣúgà àti agar sè. Jẹ́látìn, tí wọ́n ń yọ lára awọ àti egungun ẹran, ni olórogún agar. Ẹni tí kì í jẹ ẹran, àti Mùsùlùmí tó ń sá fún ẹlẹ́dẹ̀, agar ni wọ́n sábà ń mú. Omi ọ̀pẹ òyìnbó tútù a máa ba jẹ́látìn jẹ́ kó má lè dì, kì í ṣe agar ní nǹkan kan.

Nínú ìṣègùn

Wọ́n ń lo agar fún ẹni tí ìgbẹ́ há mọ́, nítorí ó máa ń fa omi mọ́ra nínú ìfun. Ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ mu omi dáadáa.

Ní ti ìṣègùn, yàrá àyẹ̀wò ni iṣẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá gbé ìtọ̀ aláìsàn wá, òṣìṣẹ́ á ti wáyà olórí roboto bọ inú rẹ̀, á fà á lórí agar inú abọ́ pẹlẹbẹ, á sì gbé e sínú ẹ̀rọ 37°C títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kòkòrò kan ṣoṣo tí ojú kò lè rí á ti bí sí i, á di ẹ̀kán kan tí gbogbo ènìyàn ń rí. Lórí irú agar kan tí wọ́n ń pè ní MacConkey, ẹ̀kán E. coli máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ti Salmonella kì í ní àwọ̀. Láti mọ oògùn tí yóò wo aláìsàn náà sàn, wọ́n á to bébà kéékèèké tó ní oògùn sórí agar mìíràn tí wọ́n ti fi kòkòrò náà pa lójú. Ibi tí oògùn bá ti ń ṣiṣẹ́, àyíká bébà náà á ṣófo roboto, wọ́n á sì fi rúlà wọ̀n ọ́n ní mìlímítà. (Agar tí wọ́n ń pè ní ti ṣokoléètì kò ní ṣokoléètì nínú: ẹ̀jẹ̀ tí ooru ti sọ di àwọ̀ ilẹ̀ ni.)

Ìtàn àti pàtàkì rẹ̀

Wọ́n ní olótẹ́ẹ̀lì kan ní Fushimi ní Jàpáànì, Mino Tarōzaemon, da tokoroten àjẹkù síta lóru ọ̀gìnnìtìn, ó dì bíi yìnyín, oòrùn yọ́ ọ, ó gbẹ, agar gbígbẹ sì dé. Ọ̀pọ̀ ìwé mú ọdún 1658, àwọn mìíràn kò sọ ju àárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún lọ. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni kí a kà á sí. Ohun tó dájú ni pé ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n ṣì ń gbà ṣe é ní Nagano, tó jìnnà sí òkun, nítorí òtútù òkè rẹ̀.

Fanny Hesse, tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1850, ló gbé agar dé yàrá àyẹ̀wò. Walther ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Robert Koch, onímọ̀ nípa kòkòrò àrùn, ní Berlin, jẹ́látìn tó ń lò sì ń yọ́ nínú ooru, àwọn kòkòrò mìíràn tilẹ̀ ń jẹ ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ní kó gbìyànjú agar tí òun fi ń se oúnjẹ, èyí tó mọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò tó ti gbé Java rí. Koch dárúkọ agar nínú ìwé tó kọ lórí kòkòrò ikọ́ ife lọ́dún 1882, kò dárúkọ obìnrin náà. Ṣùgbọ́n orúkọ Julius Petri, tí òun náà ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Koch, wà lára abọ́ pẹlẹbẹ tó ṣe jáde lọ́dún 1887 títí dòní.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí agar Jàpáànì kò wọlé mọ́, Bìrìtìkó àti New Zealand bẹ̀rẹ̀ sí ṣa ewéko etí òkun tiwọn. Lọ́dún 2015, Mòrókò dín Gelidium tó ń tà sókè òkun kù, agar sì wọ́n lọ́wọ́ àwọn yàrá àyẹ̀wò.