Kí A Ṣíwọ́, tàbí Kí A Parí?

Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni ilé mi. Kí n tó wọ Yunifásítì, òyìnbó kan wá ṣe àbójútó kànga tí wọ́n ń gbẹ́ ní àdúgbò wa, èmi sì ni ògbufọ̀ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó wí pé, "Let us call it a day." Mo yára túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní iṣẹ́ ti parí." Àwọn agbẹ́kànga di ẹrù wọn, wọ́n lọ. Ní ọjọ́ kejì, òyìnbó nìkan ni ó dúró létí kòtò tí kò tíì kan omi. Nígbà tí mo tọ olórí wọn lọ, ó ní, "Ọmọ wa, ṣebí ìwọ ni o ní ó ti parí?" Mo dọ̀bálẹ̀. Ìtìjú ọjọ́ náà ni ó mú mi wádìí ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí òyìnbó wí ni pé kí a ka èyí tí a ti ṣe sí iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ní Amẹ́ríkà ní 1838, "ìdajì ọjọ́" ni wọ́n ń wí. Lẹ́yìn náà ni ó di odidi ọjọ́. Èdè ẹni tí ń gba owó ojúmọ́ ni.

Àwọn baba wa kò fi owó ojúmọ́ díwọ̀n iṣẹ́ oko. Bí wọ́n bá ṣe àáró, oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la ni. Bí ó bá jẹ́ ọ̀wẹ̀, olóko a fi oúnjẹ àti ẹmu ṣe àwọn tí ó wá lálejò. Lẹ́yìn ogun Ìmagbọ̀n ní 1892 ni ìjọba òyìnbó wọ Ìjẹ̀bú, tí iṣẹ́ lébìrà sì ń gbilẹ̀ láàárín wa.

Nítorí náà, ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ tiwa ń wò, kì í ṣe ọjọ́: "Ó ní kí a ṣíwọ́." Ẹni tí ó ṣíwọ́ lónìí yóò tún ọwọ́ bọ iṣẹ́ lọ́la; ẹni tí ó parí kò ní ohun tí yóò padà wá ṣe. Ẹ wo iṣẹ́ Bíbélì Yorùbá. Ní 1850 ni ìwé Róòmù tí Samuel Àjàyí Crowther túmọ̀ jáde. Odidi Bíbélì kò parí títí di 1884. Ìgbà mélòó ni wọn kò ṣíwọ́ ní ọdún 34 náà!

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kọ́ èdè, kí a tó túmọ̀ ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè irú iṣẹ́ tí ó bí i. Àwọn agbẹ́kànga padà wá, wọ́n sì kan omi. Ọjọ́ náà ni mo tó lè wí láìbẹ̀rù pé: ó parí.