Ìjọba àti Owó Kírípítò ní Nàìjíríà

Nínú oṣù Kejì ọdún 2021, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Òṣínbàjò, igbákejì ààrẹ nígbà náà, sọ níbi àpérò àwọn ọ̀gá báńkì pé kí wọ́n má gbẹ́sẹ̀ lé owó kírípítò, kí wọ́n ṣòfin tí yóò máa darí rẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù yẹn gan-an ni Báńkì Àpapọ̀ (CBN), lábẹ́ Godwin Emefiele, gómìnà rẹ̀ nígbà náà, ti kọ̀wé sí gbogbo báńkì pé ẹni tó bá ń ṣòwò kírípítò, kí wọ́n ti àkáǹtì rẹ̀ pa. Ìjọba kan náà, ohùn méjì.

CBN ti kìlọ̀ fún àwọn báńkì lóṣù Kínní ọdún 2017, ṣùgbọ́n ọjà ò dúró. Nígbà rògbòdìyàn EndSARS, ìwọ́de àwọn ọ̀dọ́ lòdì sí ìwà ipá ọlọ́pàá, lóṣù Kẹwàá ọdún 2020, tí wọ́n dí ọ̀nà báńkì mọ́ Feminist Coalition, ẹgbẹ́ obìnrin tó ń kówó jọ fún ìwọ́de náà, Bitcoin ni ẹgbẹ́ náà fi ń gba ìrànwọ́. CBN kò fìgbà kan sọ pé ìyẹn ló fa àṣẹ 2021. Ohun tí Emefiele ń tẹnu mọ́ ni pé a kì í mọ ẹni tó ni owó náà. Àwọn ọ̀dọ́ ò gbà á gbọ́.

Àṣẹ ọ̀hún kò pa òwò náà, ṣe ló lé e wọ P2P, níbi tí ẹnì kan ti ń tà fún ẹlòmíràn ní tààrà. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní Ṣágámù tó fẹ́ ta USDT, kírípítò tí iye rẹ̀ so mọ́ dọ́là, á mú oníbàárà kan lórí fóònù, ilé iṣẹ́ tó ni ọjà á di USDT náà mú ná. Oníbàárà á san náírà sínú àkáǹtì ẹni tó ń tà á lásán, bí ìgbà tó ra gọ́òrò. Bí àlẹ́ẹ̀tì bá wọlé, tí orúkọ bára mu, ẹni tó ń tà á á tẹ bọ́tìnì, USDT á lọ. Ìkìlọ̀ tí wọ́n máa ń fún ara wọn nígbà náà ni pé kí ẹnikẹ́ni má kọ "crypto" sí ibi àlàyé owó, kí báńkì má bàa ti àkáǹtì. Àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú náà kò gbẹ́yìn.

Ìlú òkèèrè pàápàá ò fẹnu kò. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 kan náà, El Salvador sọ Bitcoin di owó ìlú, Ṣáínà sì kéde pé gbogbo òwò kírípítò lòdì sófin. Japan ti ṣòfin ìforúkọsílẹ̀ fún un láti 2017. El Salvador ti dẹwọ́ báyìí: láti 2025, kò pọn dandan mọ́ fún oníṣòwò láti gbà á. Nàìjíríà gbé eNaira, owó orí ẹ̀rọ ti CBN tirẹ̀, jáde ní 25 oṣù Kẹwàá 2021. Ta ló ń ná an?

CBN gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí àṣẹ 2021 náà lóṣù Kejìlá 2023. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, náírà ń já, ìjọba sì di ẹ̀bi ru Binance, ọjà kírípítò orí ayélujára. Olayemi Cardoso, gómìnà CBN tó jẹ́ tuntun nígbà náà, ní bílíọ̀nù 26 dọ́là ló gba ibẹ̀ kọjá lọ́dún kan lọ́wọ́ àwọn tí a kò mọ̀. Àbí níbo ni wọ́n rò pé àwọn tí wọ́n lé kúrò ní báńkì máa gbà? Wọ́n mú òṣìṣẹ́ Binance méjì l'Ábújá. Ọ̀kan sá lọ lóṣù Kẹta. Tigran Gambaryan, ọmọ Amẹ́ríkà, wà látìmọ́lé títí di oṣù Kẹwàá 2024.

Lóṣù Kẹjọ ọdún yẹn, SEC, àjọ tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò, fọwọ́ sí ilé iṣẹ́ kírípítò Quidax àti Busha fún ìgbà díẹ̀. Lóṣù Kẹta 2025, Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin ìdókòwò tuntun tó fi kírípítò sábẹ́ SEC. Òfin owó orí tó tẹ̀lé e, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù Kínní 2026, ti ka èrè orí rẹ̀ mọ́ ohun tí ìjọba máa gba owó orí lé.