Àlejò tó ń bọ̀ ní Benin: ewu tó wà níbẹ̀ àti ohun tó yẹ kí onílé sọ fún un

Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹjọ bá ti ń sún mọ́, àlejò a máa pọ̀ lọ́nà wa yìí. Àwọn kan ń bọ̀ wá bá wọn ṣe ọdún iṣu ní Savalou ní ọjọ́ 15 oṣù náà. Àwọn kan ń lọ gbàdúrà ní Arígbó ní Dassa. Àwọn mìíràn sì jẹ́ ọmọ tiwa, tí wọ́n ń ti Abidjan, Libreville tàbí Paris dé pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún. Láti ìgbà tí òfin oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ti gba àwọn àtọmọdọ́mọ ẹrú láyè láti di ọmọ Benin, àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà àti Martinique náà ń wá wo ilẹ̀ baba wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fẹ́ padà láìrí òkun.

Ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ oníjàgídíjàgan, ọ̀pọ̀ àlejò ló ń wá tí wọ́n ń lọ ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní àlejò lójú, kì í fi í ríran. Olè àti oògùn ìbílẹ̀ ni àlejò máa ń bẹ̀rù jù. Òkun, ọ̀nà àti ẹ̀fọn ló sì ń pani jù. Àwa onílé kì í sọ̀rọ̀ wọn torí pé wọ́n ti mọ́ wa lára. Ẹ jẹ́ ká tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí onílé lè mọ ohun tó máa sọ.

ÒKUN

Etí òkun Benin gùn tó nǹkan bí 120 kìlómítà, láti Hillacondji lẹ́bàá Togo títí dé Kraké lẹ́bàá Nàìjíríà. Iyanrìn rẹ̀ lẹ́wà, igi àgbọn pọ̀ níbẹ̀, omi náà kì í tutù. Ẹni tó bá rí i á fẹ́ bọ́ aṣọ kó wọ inú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ìgbì òkun wa ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, kò sí erékùṣù tó ń dá a dúró, ó sì ń fọ́ lu ilẹ̀ tagbáratagbára. Òun ni àwọn Faransé ń pè ní «barre». Láyé àtijọ́, ọkọ̀ ńlá òyìnbó kò lè dé etí ilẹ̀ nítorí rẹ̀. Ọ̀ọ́kán ni wọ́n ń dúró sí, tí àwọn atukọ̀ ọmọ ilẹ̀ yìí á wá fi ọkọ̀ igi kó èrò àti ẹrù la ìgbì kọjá. Ọdún 1965 ni wọ́n tó ṣí èbúté ńlá Cotonou. Bí ọkọ̀ ńlá bá ń bẹ̀rù omi yìí, kí ni èèyàn lásán fẹ́ fi í ṣe?

Ohun tó tún burú ju ìgbì lọ ni omi tó ń padà. Gbogbo omi tí ìgbì gbé wá sí etí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sínú òkun. Ó máa ń rí ojú ọ̀nà tóóró kan gbà, á sì máa sáré lọ níbẹ̀. Ojú ọ̀nà yẹn máa ń dà bíi pé ó rọlẹ̀: ìgbì kì í fọ́ níbẹ̀ púpọ̀, àwọ̀ omi rẹ̀ sì yàtọ̀ díẹ̀. Àlejò á rò pé ibẹ̀ ló dáa jù láti lúwẹ̀ẹ́. Omi náà kì í fa èèyàn lọ sísàlẹ̀ o, ó ń gbé e lọ sí ọ̀ọ́kán ni. Ẹni tó bá ń bá a jà láti padà tààrà, agbára rẹ̀ á tán, á sì rì. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa ṣe ń kú nìyẹn.

Ohun tí ẹ máa sọ fún àlejò:

– Ní Fidjrossè, Ouidah àti Grand-Popo, kó tẹ ẹsẹ̀ bọ omi, kó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ dáadáa, kó má lúwẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, kó lọ sí písíìnì òtẹ́ẹ̀lì.
– Bí omi bá gbé e, kó má bá a jà. Kó dùbúlẹ̀ sójú omi, kó na ọwọ́ sókè, kó ké. Bó bá ní agbára, kó wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó ń bá etí òkun rìn, títí tó fi máa kúrò níbi tí omi ti ń sáré. Ìgbà yẹn ni kó tó kọjú sí ilẹ̀.
– Ẹni tó wà lókè kò gbọ́dọ̀ bẹ́ sínú omi tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tó fẹ́ gbani náà ló ń kú. Ẹ ju bídọ́ọ̀nù òfìfo tí ẹ dé lẹ́nu tàbí okùn sí i, kí ẹ sì ké sí àwọn apẹja.
– Ibi tí odò Mono ti ń wọ òkun lẹ́bàá Grand-Popo, tí wọ́n ń pè ní Bouche du Roy, ẹ̀yìn atukọ̀ tó mọ ibẹ̀ nìkan ni kí wọ́n tẹ̀ lé.

Omi tó dúró náà ní ewu tirẹ̀. Nínú adágún àti odò tí kò sáré, kòkòrò tó ń fa àtọ̀sí ajá, ìyẹn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀, máa ń wọ èèyàn lára láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Ọ̀NÀ, ZÉMÌ ÀTI KPAYO

Láti Cotonou dé Koko, ọ̀nà ni ewu tó tóbi jù. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, bọ́ọ̀sì kan àti kámíò kọlu ara wọn lẹ́bàá Dassa, iná ràn, èèyàn tó lé ní 20 sì kú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, bọ́ọ̀sì mìíràn já bọ́ láti orí afárá sínú odò Ouémé ní Thio, ní Glazoué. Àwọn ibi méjèèjì yìí ò jìnnà sí wa.

Ẹ má jẹ́ kí àlejò fi òru rìn. Kámíò tó bàjẹ́ lè dúró sójú ọ̀nà láìní iná, màlúù àti ewúrẹ́ ń kọjá, awakọ̀ sì lè máa sùn. Bí bàálù rẹ̀ bá balẹ̀ lálẹ́, kó sùn sí Cotonou, kó gbéra láàárọ̀. Bí taksí bá kó èrò jù tàbí tí awakọ̀ ń sá eré àsápajúdé, kò sí ìtìjú nínú kí èèyàn ní «Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀». Owó tó bá ṣòfò kò tó ẹ̀mí.

Zémì yá, ó sì rọrùn. Ní Cotonou, ẹ̀wù pupa-rúsúrúsú bí òróró ẹyin ni àwọn olùgbé wọn máa ń wọ̀, nọ́ńbà sì wà lára rẹ̀. Kí àlejò dá iye owó kó tó gùn. Kó ní kásìkì tirẹ̀ bó bá lè rí i rà. Obìnrin tó ró ìró, kó ká etí aṣọ mọ́ra, kí táyà má baà fà á. Ọwọ́ òsì ni kó ti sọ̀ kalẹ̀, torí irin tí èéfín ń gbà jáde sábà máa ń wà lọ́tùn-ún, ó sì ń jó àlejò ní igẹ̀ ẹsẹ̀ lójoojúmọ́.

Ní ti kpayo, ẹ rántí ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ní Sèmè-Kraké: iná sọ níbi tí wọ́n kó epo bẹntiróòlù fàyàwọ́ sí, èèyàn tó lé ní 30 ló kú. Bí zémì bá dúró ra epo létí ọ̀nà, kí àlejò sọ̀ kalẹ̀, kó jìnnà díẹ̀, kó má mu sìgá.

IBÀ ÀTI OÒGÙN

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ tiwa gan-an. Ẹ̀fọn ń gbé ibà kiri ní Benin látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Àwa tí a ń gbé níbí, ara wa ti mọ̀ ọ́n jà díẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní Paris kò ní irú ààbò yẹn, kódà bí bàbá àti ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Koko. Ẹni tó dàgbà níbí, tó wá lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn odi, agbára ara rẹ̀ ti dínkù pẹ̀lú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé «Ọmọ wa ni, kò ní ṣe é ní nǹkan kan». Ọ̀rọ̀ yẹn ti pa ọmọ.

Kí wọ́n rí dókítà kí wọ́n tó gbéra, kó fún wọn ní oògùn tí wọ́n á máa lò láti dènà ibà, kí wọ́n sì lò ó parí gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti padà. Kí onílé ta àwọ̀n ẹ̀fọn sórí ibùsùn wọn, kí wọ́n wọ aṣọ gígùn lálẹ́. Bí ibà bá mú wọn, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni. Ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ẹ̀fọn jẹni ni ibà ń yọjú, ó sì lè tó oṣù mélòó kan. Nítorí náà, bí wọ́n bá ṣàìsàn lẹ́yìn tí wọ́n padà, kí wọ́n tètè sọ fún dókítà pé Benin làwọn ti ń bọ̀.

Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, «fièvre jaune», pọn dandan láti wọ ìlú. Láti ọdún 2016, abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni.

Oògùn, fámásì nìkan ni kí wọ́n ti rà á. Oògùn orí àtẹ kò ṣeé fọkàn tán, àwọn kan ò ní nǹkan kan nínú, àwọn kan ti pẹ́ jù, oòrùn sì ti pa wọ́n. Ìlú Cotonou náà ni Jacques Chirac ti ké gbàjarè sí gbogbo ayé lórí ayédèrú oògùn, ní oṣù kẹwàá ọdún 2009. Omi inú ìgò tí wọn ò tíì ṣí ló dáa fún àlejò, kó sì jẹ oúnjẹ tó gbóná.

OLÈ ÀTI GBÁJÚẸ̀

Etí òkun nírọ̀lẹ́ àti lóru, pàápàá ní Cotonou, kì í ṣe ibi tí èèyàn méjì péré ń rìn sí. Ní ọjà Dantokpa, àwọn ọlọ́wọ́ yíyára wà láàrin èrò. Láàrin ìgboro, ẹni tó wà lórí ọ̀kadà lè já báàgì tàbí tẹlifóònù gbà, kó sì lọ. Bí olè bá yọ ọ̀bẹ, kí àlejò gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kó fi páásìpọ́ọ̀tù sílé, kó mú fọ́tòkópì rẹ̀ dání.

Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì náà wà. Òfin ọdún 2018 tí wọ́n ń pè ní «code du numérique» ń fi ẹ̀wọ̀n ṣe àwọn gáyìmán, síbẹ̀ wọn ò tíì tán. Ẹni tó ní òun á wá ilé, ọkọ̀ tàbí físà fún àlejò, tó sì fẹ́ gba gbogbo owó kó tó dé, ẹ bá a wádìí rẹ̀ dáadáa. Kó tó sanwó físà, kó wò ó bóyá ojúlé ìjọba Benin ló wà lóòótọ́.

FỌ́TÒ, VODÚN ÀTI ORÒ

Ọ̀pọ̀ ìjà àlejò, fọ́tò ló ń dá a sílẹ̀. Kó má ya ṣọ́jà, èbúté, pápá bàálù tàbí ilé ìjọba. Ní Ganvié, inú àwọn ará ibẹ̀ kì í dùn bí wọ́n bá ń yà wọ́n láìtọrọ àyè. Egúngún àti Zangbétò, kó bi onílé kó tó yọ tẹlifóònù, kó sì takété sí wọn. Ní ìlú Yorùbá bíi Sakété, Pobè àti Àjàṣẹ́, bí Orò bá jáde, obìnrin kì í rí i. Kí obìnrin tó jẹ́ àlejò dúró sílé bí onílé bá ti sọ ọ́.

Ọjọ́ 10 oṣù kìíní ni ọdún Vodún, èrò máa ń kún Ouidah bámúbámú. Ẹni tó ń lọ, kó ti wá ilé sílẹ̀. Ní Dankoli níbi lójú ọ̀nà Savalou, kó béèrè iye owó ètùtù kó tó kan èèkàn, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

APÁ ÀRÍWÁ

Ọ̀nà tó kọjá lẹ́nu ilé wa yìí ló ń lọ sí Djougou, Natitingou àti igbó Pendjari. Àlejò lè bi yín bóyá kí òun máa lọ. Ẹ sọ òótọ́ fún un. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2019, wọ́n jí ará Faransé méjì gbé ní Pendjari, wọ́n sì pa ọmọ Benin tó ń mú wọn kiri. Ṣọ́jà Faransé méjì kú níbi tí wọ́n ti lọ gbà wọ́n sílẹ̀ ní Burkina Faso. Ní oṣù kejì ọdún 2022, wọ́n pa àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ní W. Láti ìgbà náà, ìkọlù ò tíì dáwọ́ dúró lẹ́bàá ẹnubodè Burkina àti Niger. Kí wọ́n jìnnà sí ẹnubodè àti igbó méjèèjì yẹn, kí wọ́n sì bi pólísì kí wọ́n tó kọjá Natitingou.

NǸKAN KÉÉKÈÈKÉ TÓ Ń BÍNI NÍNÚ

Àwọn ọmọdé á máa ké «yòvó» tẹ̀ lé e. Kì í ṣe èébú, kó kí wọn padà. Ọlọ́jà á bù lé owó, kó nájà pẹ̀lú ẹ̀rín. Owó kéékèèké ṣọ̀wọ́n, bó bá na 10.000 sẹ́fà fún zémì, wàhálà dé. Iná lè lọ. Nọ́ńbà tẹlifóònù Benin sì ti di oní-10 láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024. Bí nọ́ńbà inú ìwé àtijọ́ rẹ̀ ò bá wọlé, kó fi 01 síwájú rẹ̀.

LỌ́JỌ́ TÓ BÁ DÉ

Ẹ gbé omi fún un, ẹ jẹ́ kó jẹun. Lẹ́yìn náà, kó tó sùn, ẹ sọ nǹkan márùn-ún yìí fún un: má lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun, má rìn lóru, wọ inú àwọ̀n ẹ̀fọn, béèrè kó o tó ya fọ́tò, má sún mọ́ ẹnubodè àríwá. Ẹ kọ 117 ti pólísì àti 118 ti panápaná sínú tẹlifóònù rẹ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà tiyín náà mọ́ ọn. Kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.