Owó Ìrànwọ́ fún Agbanisíṣẹ́ Tí Ó Ń Gba Àkàndá Ẹ̀dá Síṣẹ́: Ìtàn Láti 1919 Títí Di Òní

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọmọ ènìyàn ti mọ̀ pé ara kò rí bákan náà: ojú ẹlòmíràn a fọ́, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn a rọ, etí ẹlòmíràn a di. Nílẹ̀ Yorùbá, àwọn baba wa gbà pé ẹni òrìṣà ni afín, abuké àti arọ, pé ọwọ́ Ọbàtálá tí ó mọ ojú tí ó mọ imú ni ó mọ àwọn náà, àti pé ẹni tí ó bá fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, Alámọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń fi ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ lọ́tọ̀, iṣẹ́ lọ́tọ̀. Ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún tí a kò fún níṣẹ́, ọwọ́ ẹlòmíràn ni yóò máa wò kí ó tó jẹun, bẹ́ẹ̀ sì ni àtẹ́lẹwọ́ ẹni ni kì í tan ni jẹ. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ sọ ni bí àwọn ìjọba, pàápàá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe wá ọ̀nà tí agbanisíṣẹ́ yóò fi ṣílẹ̀kùn fún àkàndá ẹ̀dá, àti bí wọ́n ṣe jiyàn lórí ẹni tí yóò san owó ohun tí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò kí ó lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ yanjú. Ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àríyànjiyàn náà ti wà nílẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ó sì fi sílẹ̀ ni pé àánú nìkan kò tó, àṣẹ nìkan kò tó, owó nìkan náà kò tó. Ìgbà tí àṣẹ àti owó bá jọ rìn ni ọ̀nà ń là.

Ogun ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí ní 1918, àìmọye jagunjagun ni ó padà sílé pẹ̀lú apá kan, pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan, pẹ̀lú ojú tí kò ríran mọ́, kò sì sí ìlú kan ní ilẹ̀ Yúróòpù tí ó lè sọ pé òun kò mọ àwọn tí wọ́n fi ara wọn jìn fún orílẹ̀-èdè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oníléeṣẹ́ kan ní ìlú Manchester tí à ń pè ní Henry Rothband ni ó mú àbá wá pé kí a kọ orúkọ gbogbo agbanisíṣẹ́ tí ó bá gba àwọn ọmọ ogun tí ogun ṣe léṣe síṣẹ́ sínú ìwé ọlá kan. Láti inú àbá yìí ni ètò tí wọ́n pè ní King's National Roll ti jáde ní 1919: agbanisíṣẹ́ tí ó bá rí i pé ìdá 5 nínú 100 àwọn òṣìṣẹ́ òun jẹ́ ọmọ ogun tí ó farapa, orúkọ rẹ̀ yóò wọ ìwé ọba, yóò ní ẹ̀tọ́ láti tẹ èdìdì ètò náà sórí ìwé ìkọ̀wé rẹ̀, ìjọba yóò sì máa rò ó ṣáájú nígbà tí ó bá ń gbé iṣẹ́ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé-iṣẹ́ ni ó wọlé sínú rẹ̀, oore tí ètò náà sì ṣe kò kéré.

Síbẹ̀, ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹni tí ó bá wù ú ni ó ń dara pọ̀, ẹni tí kò bá wù kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Jagunjagun nìkan ni ètò náà mọ̀. Awakùsà tí òkúta wó lù lábẹ́ ilẹ̀ àti obìnrin tí a bí ní adití kò sí nínú rẹ̀. Ní àkókò kan náà, ilẹ̀ Jámánì yan ọ̀nà mìíràn: láti 1919 ni ó ti fi àṣẹ mú àwọn agbanisíṣẹ́ pé kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí ogun ṣe léṣe. Ilẹ̀ Faransé tẹ̀ lé e pẹ̀lú òfin tirẹ̀ ní 1924.

Òfin 1944

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó yí èrò àwọn Gẹ̀ẹ́sì padà. Ọwọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ wọ́n. Àwọn géńdé ti lọ ojú ogun. Ni àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn tí wọ́n ti kọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì rí i pé afọ́jú mọ iṣẹ́ ọwọ́, pé adití ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tí ariwo rẹ̀ ń lé àwọn ẹlòmíràn sá. Ní ìparí 1941, ìjọba yan ìgbìmọ̀ kan tí George Tomlinson jẹ́ alága rẹ̀, pé kí ó wádìí bí a ó ṣe dá àwọn abirùn padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní 1943, nígbà tí Ernest Bevin, ògbóǹtarìgì nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, wà nípò mínísítà fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ní 1944, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sọ àbá wọn di òfin. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òṣìṣẹ́ 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ rí i pé ìdá 3 nínú 100 wọn jẹ́ abirùn tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba, ìbáà jẹ́ ogun ni ó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ àìsàn, ìbáà jẹ́ bí a ṣe bí i. Ẹni tí ó bá rú òfin lè san owó ìtanràn, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n.

Nǹkan ńlá ni òfin yìí, nítorí pé ó sọ ohun tí ó jẹ́ oore àtọkànwá di ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n àléébù mẹ́ta ni ó bà á jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èkíní, iṣẹ́ méjì péré ni òfin yà sọ́tọ̀ gédégbé fún àwọn abirùn, àwọn náà sì ni ṣíṣọ́ ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn gòkè ní ilé alájà, àti ṣíṣọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí, bí ẹni pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n orí wọn mọ. Èkejì, ìjọba ń fún àwọn agbanisíṣẹ́ ní ìwé àyè kí wọ́n lè gba ẹlòmíràn bí wọn kò tilẹ̀ tíì pé iye tí òfin là sílẹ̀, àwọn tí a sì pè lẹ́jọ́ ní gbogbo àádọ́ta ọdún òfin náà kò ju kí a fi ìka kà wọ́n. Ẹ̀kẹta, tí ó sì burú jù, òfin sọ pé kí a gba ènìyàn síṣẹ́, kò sọ ibi tí owó yóò ti wá bí àtẹ̀gùn bá dí ọ̀nà mọ́ arọ. Nígbà tí yóò fi di ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1990, àwọn agbanisíṣẹ́ tí wọ́n ń pé ìdá 3 náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Idà wà nínú àkọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò yọ ọ́.

Remploy: ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ fún ẹni ọ̀tọ̀

Òfin 1944 yìí kan náà ni ó fún ìjọba lágbára láti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tí àìlera wọn pọ̀ débi pé ọjà iṣẹ́ kò ní gbà wọ́n. Ní 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀, orúkọ tí ayé sì wá fi mọ̀ ọ́n ni Remploy. Ní 1946, ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣí ní Bridgend, ní gúúsù ilẹ̀ Wales, níbi tí àwọn awakùsà tí iṣẹ́ ti ba ara wọn jẹ́ ti jókòó ti àga àti tábìlì tí wọ́n ń kàn. Ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí pọ̀ sí i, wọ́n kárí orílẹ̀-èdè, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ti ibẹ̀ rí owó oṣù, rí ọ̀rẹ́, rí iyì nínú ilé wọn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín wo èyí. Ṣùgbọ́n owó tí ìjọba ń ná sórí Remploy kò yí agbanisíṣẹ́ kankan níta padà, ńṣe ni ó jẹ́ kí ẹni tí kò fẹ́ gba abirùn rí ibi tọ́ka sí pé, "Ẹ kó wọn lọ sọ́hùn-ún."

Owó ẹni tí ó kọ̀, ìrànwọ́ ẹni tí ó gbà

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní 1953, ìwọ̀-oòrùn Jámánì ṣe òfin kan tí ó dáhùn ìbéèrè tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀: agbanisíṣẹ́ tí kò bá pé iye abirùn tí òfin là sílẹ̀ yóò máa san owó lóṣooṣù fún àyè kọ̀ọ̀kan tí ó ṣófo. Wọn kò da owó náà sínú àpò ìjọba gbogbogbòò; inú àpò ọ̀tọ̀ ni ó ń wọ̀, láti ibẹ̀ ni a sì ti ń ran àwọn tí wọ́n gba abirùn síṣẹ́ lọ́wọ́, kí wọ́n lè tún ilé ṣe, kí wọ́n ra ohun èlò tí ó yẹ, kí wọ́n sì kọ́ òṣìṣẹ́ wọn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ní 1974 wọ́n fẹ òfin náà kọjá àwọn tí ogun ṣe léṣe, kí ó lè gba gbogbo ẹni tí àìlera rẹ̀ le, ohun yòówù kí ó fà á. Lónìí, ìdá 5 nínú 100 ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti 2024 ni owó tí àwọn tí wọn kò gba ẹyọ abirùn kan ṣoṣo ń san sì ti tún ga sí i.

Faransé náà gba ọ̀nà yìí pẹ̀lú òfin 1987: ìdá 6 nínú 100 ni tirẹ̀, àpò tí owó àwọn tí kò pé e ń wọ̀ ni wọ́n sì ń pè ní Agefiph. Ọ̀nà owó-orí ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbà. Láti 1990, oníṣòwò kékeré tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún kò ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ, tàbí tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju 30 lọ, lè yọ ìdajì ohun tí ó bá ná láti mú ilé rẹ̀ rọrùn fún abirùn kúrò nínú owó-orí rẹ̀, títí dé 5,000 dọ́là lọ́dún kan.

Access to Work: owó tí ń tẹ̀ lé òṣìṣẹ́

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi owó lé orí ẹni tí ó kọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń kó ìrànwọ́ jọ: owó ọkọ̀ fún ẹni tí kò lè wọ bọ́ọ̀sì, owó ẹni tí yóò máa kàwé fún afọ́jú, owó àtúnṣe ilé àti irinṣẹ́. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀nyí wà, ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ni kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà. Ní 1994 ni ìjọba so wọ́n pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, Access to Work. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ sí abirùn léèwọ̀ jáde, tí ó sì fi dandan lé e pé kí agbanisíṣẹ́ ṣe àtúnṣe tí ó bá mọ́gbọ́n wá. Òfin yìí kan náà ni ó fòpin sí ìdá 3 ti 1944.

Bí Access to Work ṣe ń ṣiṣẹ́ yẹ kí ó yé wa dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń béèrè, kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tí ó bá béèrè láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ tí ó wọṣẹ́, ìjọba lè san gbogbo rẹ̀. Bí ó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí ó wá nílò ohun èlò tàbí àtúnṣe, ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 50 kì í san nǹkan kan. Èyí tí ó ní 50 sí 249 ni yóò san 500 pọ́n-ùn àkọ́kọ́. Èyí tí ó ní 250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 1,000 pọ́n-ùn, kí ìjọba tó gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyókù. Owó náà lè ra kọ̀ǹpútà tí ń sọ̀rọ̀ fún afọ́jú, ó lè san owó ògbufọ̀ fún adití, ó sì lè gbé ẹni tí ń lo kẹ̀kẹ́ arọ lọ sẹ́nu iṣẹ́ láràárọ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó ní ẹ̀tọ́ àtiṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ara kò sì gbè, ètò yìí kan òun náà, ìbáà jẹ́ nọ́ọ̀sì, ìbáà jẹ́ olùkọ́.

Ètò náà ní àwọn ìṣòro tirẹ̀. Ní 2015 ìjọba fi òté lé iye tí ènìyàn kan lè gbà lọ́dún, ìlọ́po kan àtààbọ̀ iye tí òṣìṣẹ́ ní ìpíndọ́gba ń gbà lọ́dún, àwọn adití sì fi ẹ̀hónú hàn pé ògbufọ̀ ojoojúmọ́ kò ṣeé san pẹ̀lú rẹ̀. Ní 2018 ni wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Títí di òní, àwọn tí ń béèrè ń ráhùn pé ìdáhùn ń pẹ́ dé, iṣẹ́ tí a fi lọni kì í sì í fìgbà gbogbo dúró de ìwé ìjọba.

Ìjà tí ó wáyé lórí Remploy

Ní 2011, obìnrin kan tí à ń pè ní Liz Sayce kọ ìròyìn kan fún ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ní kí wọ́n kó owó tí wọ́n ń ná sórí àwọn ilé-iṣẹ́ Remploy lọ sínú Access to Work. Ìṣirò tí ìjọba fi gbè é ni pé ẹnì kan ní Remploy ń ná wọn tó 25,000 pọ́n-ùn lọ́dún, nígbà tí ẹnì kan lórí Access to Work kò ju nǹkan bí 2,900 pọ́n-ùn lọ. Ní 2012 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn ilé-iṣẹ́ náà pa; àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n wọ́de; ṣùgbọ́n ní 2013 èyí tí ó kẹ́yìn ti kógbá wọlé. Mo gbà pé ọ̀nà tí Sayce tọ́ka sí ni ọ̀nà tí ó tọ́, nítorí pé àárín ẹgbẹ́ ni ó yẹ kí ènìyàn ti ṣiṣẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn ògiri. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti lo ogún ọdún nídìí iṣẹ́ kan, tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ lójú kí òmíràn tó ṣí, kò ṣẹ̀ tí ó bá ké. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ la ọ̀nà tuntun já kí a tó dí ti àtijọ́.

Ilé wa ńkọ́?

Ní 2011, lábẹ́ gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin fún àwọn àkàndá ẹ̀dá, ó sì dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí gbogbo Nàìjíríà ń retí láti ìgbà pípẹ́, èyí tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ sí wọn léèwọ̀, tí ó dá àjọ kan sílẹ̀ fún wọn, tí ó sì ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba fi ìdá 5 nínú 100 àyè iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Iṣẹ́ tí ó yẹ fún ìyìn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ka ìtàn òfin 1944 yóò rí i pé ìdá nìkan kò gbé ẹnikẹ́ni gun àtẹ̀gùn. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Agbanisíṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá ní Ìbàdàn tàbí ní Òṣogbo, tí ó fẹ́ gba afọ́jú kan tí ó kàwé jáde, kò ní ibi tí yóò kọ̀wé sí fún owó kọ̀ǹpútà tí ń sọ̀rọ̀. Bí ọkàn rẹ̀ ti dára tó, àpò tirẹ̀ náà ni yóò tọwọ́ bọ̀.

Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Ẹni tí a kọ́ ní ìwé títí dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí a wá jẹ́ kí ó jókòó sílé nítorí àtẹ̀gùn mẹ́rin, a ti tà á lọ́pọ̀. Àwọn tí wọ́n ti ṣáájú wa ti san owó ẹ̀kọ́ yìí fún wa. Ohun tí ó yẹ kí àwọn aṣòfin wa mú nínú rẹ̀ ni pé kí ilé-iṣẹ́ ńlá tí kò gba àkàndá ẹ̀dá máa san owó sínú àpò kan, kí ilé-iṣẹ́ tí ó gbà wọ́n máa ti inú àpò náà rí ìrànwọ́, kí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, kí a dá a lóhùn kí iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlú tí ó bá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ yóò rí i pé owó tí ó ná kò ṣòfò, nítorí pé ẹni tí ó ń gba àánú lánàá ni yóò máa san owó-orí lọ́la.