Bàbá Ogun, Dókítà àti Dádì

Ní Ìbàdàn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àlejò tí kò ní bàbá nílùú ní láti wá ọ̀kan. Ìlú ológun ni, àwọn tí ogun lé kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé àti ibòmíràn ló kún inú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á lọ forí balẹ̀ fún ìjòyè kan, ìjòyè náà á sì di bàbá ogun rẹ̀. Á fún un níbi tó máa sùn àti ilẹ̀ tó máa ro, á gbẹnu sọ fún un bí ẹjọ́ bá dé. Òun náà á tẹ̀ lé e lọ sójú ogun. Àwọn ìlú abẹ́ Ìbàdàn pàápàá ní ìjòyè tó ń rí sí ọ̀ràn wọn níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní bàbá kékeré. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wà ní ipò bàbá ló ṣe bíi bàbá o: ìnilára àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi ṣọ́ àwọn ìlú wọ̀nyí wà lára ohun tó dá ogun Kírìjí sílẹ̀.

Ní Vienna, dókítà Sigmund Freud bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé lọ́nà mìíràn. Lọ́dún 1905 ó tẹ ìtàn ọ̀dọ́mọbìnrin kan jáde, ó pè é ní Dora. Ọmọ náà ti ṣàdédé pa ìtọ́jú tì ní ìparí ọdún 1900, Freud sì wá gbà pé ẹ̀san tó yẹ kó bá ọkùnrin mìíràn lòun jẹ. Ìfẹ́, ìbẹ̀rù tàbí ìbínú tí èèyàn ní sí bàbá rẹ̀, tàbí sí ẹni tó ti ṣẹ̀ ẹ́, ló máa ń gbé ka dókítà lórí láìmọ̀. Lójú Freud, iṣẹ́ dókítà ni láti fi ohun tó pa mọ́ yìí han aláìsàn. Ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá ogun ní gbangba ì bá rẹ́rìn-ín.

Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, gba ọ̀nà tirẹ̀. Lọ́dún 1954, ní ilé ìwòsàn àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Àrò, ó ní kí aláìsàn mú ìbátan kan dání, kí àwọn méjèèjì wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Láàárọ̀ wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á bá onílé lọ sóko. Lámbò tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Lóòótọ́, wọn ò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà tán nígbà yẹn, ìyẹn sì wà lára ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó yọrí sí: nínú yàrá Freud, orí ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ẹrù ọkàn ń já lé. Ní Àrò, ìyá tó ń se ọbẹ̀, onílé àti dókítà jọ ń gbé e ni.

Àlejò òde òní náà ṣì ń wá bàbá. Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978, ló sọ Mówè àti Ìbafo di ìlú àlejò. Ìjọ Ridíìmù, tí Josiah Akíndayọ̀mí dá sílẹ̀ lọ́dún 1952, wá ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà nítòsí Mówè. Enoch Adéjàre Adébóyè, olùkọ́ ìṣirò ní yunifásítì, kò tíì pé ogójì ọdún nígbà tó gba ipò olórí ìjọ lọ́dún 1981. Lónìí, bàbá arúgbó tó ti ní ọmọ-ọmọ ń pè é ní Dádì G.O. (General Overseer, ìyẹn olórí ìjọ), kò sì sẹ́ni tó rí i bí ohun àjèjì.

Ní àdúgbò, alága ẹgbẹ́ onílé ló ń gba oyè yìí. Ayálégbé tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí á dé ẹnu géètì, á tẹ̀ba díẹ̀: "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà yìí." Ohùn tí wọ́n fi ń bẹ bàbá nílé ni. Dádì náà á gbọ́, á kẹ́dùn, á ṣèlérí pé òun máa rí àwọn oníná. Lẹ́yìn náà, á wọlé lọ mú ìwé owó jáde, á sì bi í pé ta ló ń san owó ọlọ́dẹ ilé wọn.